Oyè másítà nínú ìmọ̀ ìwà ọ̀daràn àti ètò ìdájọ́: ibo ni kí n gbà, kí ni kí n sì kọ́kọ́ ṣe?

Ọmọ Òṣogbo:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Mo kàwé jáde ní ẹ̀ka Sọsiọ́lọ́jì pẹ̀lú ìpele kejì ìsàlẹ̀, mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ parí, ó sì ti tó ọdún méjì ààbọ̀ báyìí tí mo ti ń bá ẹgbẹ́ kan ṣiṣẹ́ tó ń gba ẹjọ́ àwọn tálákà rò lọ́fẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n máa lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n, kí n kọ orúkọ àwọn tó ń dúró de ìdájọ́ sílẹ̀, kí n sì wá faìlì wọn lọ sí kóòtù àti àgọ́ ọlọ́pàá. Ní oṣù tó kọjá, mo bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan pàdé tí wọ́n mú nítorí fóònù kan. Ó ti lo ọdún mẹ́rin nínú àhámọ́, wọ́n ti gbé ọlọ́pàá tó mú un lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, kò sì sí ẹni tó lè sọ ibi tí faìlì rẹ̀ wà. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbogbo ọjọ́ tí wọ́n gbé e lọ sí kóòtù sí ẹ̀yìn páálí ọṣẹ kan. Mo kà á: ìgbà mọ́kàndínlógún ni.

Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti lè gbé ọ̀rọ̀ yìí kúrò lọ́kàn. Òfin ti sọ pé irú èyí kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀, kí ló wá dé tó fi ń ṣẹlẹ̀? Mo fẹ́ lọ kàwé sí i kí n lè mọ̀ ọ́n. Àwọn kan ní kí n lọ ka ìmọ̀ òfin, bàbá mi sì rò pé iṣẹ́ ọlọ́pàá ni mo fẹ́ lọ ṣe. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Ta ni ẹ̀kọ́ yìí wà fún? Ṣé nílé ni kí n ti kà á ni tàbí lókè òkun? Ṣé ìpele kejì ìsàlẹ̀ kò ní dí mi lọ́nà? Báwo sì ni ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ ṣe ń rí i ṣe?

Ẹ̀gbọ́n Ìbàdàn:

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ takuntakun. Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí bàbá rẹ sọ, nítorí ọ̀pọ̀ òbí ló ní irú èrò bẹ́ẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ọlọ́pàá ní iṣẹ́ tirẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ òfin náà ní tirẹ̀. Bí agbẹjọ́rò bá rí ọmọkùnrin yẹn, yóò béèrè ohun tí òfin wí àti ọ̀nà tí yóò gbà tú u sílẹ̀. Bí ẹni tó ń kọ́ ìmọ̀ ìwà ọ̀daràn bá rí i, yóò béèrè pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí wọ́n mú nítorí fóònù, mélòó ló ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú àhámọ́, irú ènìyàn wo ni wọ́n, ibo gan-an ni ẹjọ́ wọn ti ń há, kí ló sì ń fà á. Ohun tí o béèrè lókè yẹn, ìbéèrè tiwa gan-an ni.

Wo bí ó ṣe rí. Òfin Ìṣàkóso Ẹjọ́ Ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2015 sọ pé bí kóòtù bá fi afurasí sí àhámọ́ kí wọ́n tó pè é lẹ́jọ́ gan-an, ọjọ́ 14 ni àkọ́kọ́, wọ́n sì lè fi ọjọ́ 14 mìíràn kún un bí ìdí pàtàkì bá wà. Òfin kan náà ní kí májísíréètì máa ṣàbẹ̀wò sí àgọ́ ọlọ́pàá lóṣooṣù láti yẹ ìwé àwọn tí wọ́n tì mọ́lé wò. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2007, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn sì ti ṣe tiwọn tẹ̀lé e. Nígbà tó di ọdún 2019, òfin tó yí orúkọ ilé-iṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n padà sí ilé-iṣẹ́ àtúnṣe fún ọ̀gá àgbà wọn ní ìpínlẹ̀ láṣẹ láti kọ̀, kó má gba ènìyàn mọ́, bí ọgbà bá ti kún. Síbẹ̀, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó wà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà ni kò tíì gba ìdájọ́ kankan. Ẹ̀kọ́ tí o fẹ́ kọ́ yìí ni yóò fún ọ ní irinṣẹ́ tí o lè fi wádìí bí ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé òfin ṣe jìnnà tó bẹ́ẹ̀ sí ohun tí ojú ń rí nínú ọgbà.

Nípa ibi tí wàá ti kà á, má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ fásitì. Ní ọ̀pọ̀ fásitì wa, abẹ́ ẹ̀ka Sọsiọ́lọ́jì ni ẹ̀kọ́ yìí ti dàgbà, torí náà o lè gba másítà Sọsiọ́lọ́jì kí gbogbo iṣẹ́ ìwádìí rẹ sì dá lórí ètò ìdájọ́. Wá ẹni tí yóò bójú tó iṣẹ́ rẹ kí o tó wá ilé-ẹ̀kọ́. Ka ohun tí olùkọ́ náà ti kọ jáde láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Bí o kò bá rí ohunkóhun níbẹ̀ tó kan ọgbà ẹ̀wọ̀n, kóòtù tàbí ọlọ́pàá, wá ẹlòmíràn lọ. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó lo ọdún mẹ́rin lórí másítà nítorí pé alábòójútó rẹ̀ kò mọ nǹkan kan nípa ohun tó ń wádìí, tí ojú sì ń ti àwọn méjèèjì láti sọ ọ́.

Ìyá Ìbejì, Leeds:

Èmi ṣe másítà ọlọ́dún kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo fara mọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n Ìbàdàn sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àkókò ni n ó fi kún un, nítorí òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba iṣẹ́ mi jẹ́. Oṣù Kẹsàn-án la bẹ̀rẹ̀, kí n sì tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ àròkọ wọn níbẹ̀, Oṣù Kìíní ti dé. Láti ilé ni mo ti pinnu pé n ó padà wá fi ọ̀rọ̀ wá àwọn obìnrin lẹ́nu wò nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n kan. Ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwádìí wò ní fásitì mi dá ìwé mi padà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n béèrè pé báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ẹni tó wà lẹ́wọ̀n lómìnira láti kọ̀, bí wọ́dà bá pè é pé àlejò kan fẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Ìbéèrè gidi ni, mi ò sì ní ìdáhùn sí i. Nígbà tí wọ́n fi fọwọ́ sí i, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án kí a fi àpilẹ̀kọ wa sílẹ̀, lẹ́tà ìyọ̀ǹda láti ilé kò sì tíì dé. Mo sunkún lóru ọjọ́ yẹn. Alábòójútó mi ló ní kí n gbé ìwádìí náà ka orí ìdájọ́ kóòtù tí wọ́n ti tẹ̀ jáde, kí n wo bí àwọn adájọ́ ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa obìnrin tó jẹ́ ìyá nígbà tí wọ́n bá ń dá ẹ̀wọ̀n fún un. Iṣẹ́ náà dára níkẹyìn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí mo bá lọ.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ másítà ọlọ́dún kan lo fẹ́, jẹ́ kí ìbéèrè rẹ kéré tó ohun tí dátà tó wà nílẹ̀ lè dáhùn. Bí o bá sì fẹ́ wọ inú ọgbà lọ bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀, ilé lo ti lè ṣe é dáadáa, tàbí kí o fi í sílẹ̀ de oyè ọ̀mọ̀wé.

Ìpele kejì ìsàlẹ̀ kò pa ọ́. Fásitì tó ń gba irú rẹ̀ wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pàápàá fún ẹni tó ti ṣiṣẹ́ bíi tìrẹ. Owó ni ìṣòro, nítorí owó ilé-ẹ̀kọ́ fún ẹni tó wá láti òkèèrè sábà máa ń ju £15,000 lọ, owó oúnjẹ àti ilé kò sì sí nínú rẹ̀; owó tí wàá fi han àwọn tó ń fúnni ní físà sì gbọ́dọ̀ ti wà ní báńkì fún ọjọ́ 28 léraléra. Gbìyànjú Chevening, ẹ̀bùn owó ẹ̀kọ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń fún àwọn tó fẹ́ ṣe másítà níbẹ̀. Wákàtí iṣẹ́ 2,800 ni wọ́n ń béèrè, èyí tó jẹ́ iṣẹ́ ọdún méjì, ìwọ sì ti ní i. Ẹni tó bá gbà á gbọ́dọ̀ padà sí ilé fún ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀kọ́, ìyẹn kò sì lè jẹ́ ìyà fún ẹni tí ìbéèrè rẹ̀ wà ní Òṣogbo. Fún ẹ̀yin tí ẹ ní ìdílé, ẹ rántí pé láti Oṣù Kìíní ọdún 2024, ẹni tó wá ṣe másítà oníkíláàsì kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Mo mọ ìyá kan tí kò mọ̀ títí tó fi san owó ìforúkọsílẹ̀.

Ohun kan wà tí mo jèrè níbẹ̀ tí mi ò lè gbàgbé. Wọ́n kọ́ wa nípa Lombroso, dókítà ará Ítálì tó kọ̀wé ní ọdún 1876 pé àwọn kan wà tí wọ́n bí ní ọ̀daràn, pé ojú, àgbọ̀n àti orí wọn ni a ó fi mọ̀ wọ́n. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi gbà á bí ìtàn àtijọ́. Àbúrò mi ọkùnrin ló sọ sí mi lọ́kàn, ẹni tí wọ́n dá dúró lójú títì lẹ́ẹ̀mẹta nítorí pé ó di irun, tó sì gbé kọ̀ǹpútà dání. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ tú jáde ní Oṣù Kẹwàá ọdún 2020 lòdì sí SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó wà fún gbígbógun ti ìdigunjalè, ara ohun tí wọ́n ń sọ ni pé wọn kò fẹ́ kí wọ́n máa fi ìrísí mọ ọ̀daràn mọ́. Torí náà, má ṣe sá fún kíláàsì tíọ́rì. Gbé ilé dání wọ inú rẹ̀.

Agbẹjọ́rò Ìkẹjà:

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ni, n bá ní kí àbúrò yìí lọ ka ìmọ̀ òfin. Ṣùgbọ́n mo ti gba béèlì fún ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnu ọ̀nà kan náà tí mo ń mú wọn jáde ni mo ti ń rí àwọn mìíràn tí wọ́n ń wọlé. A nílò ẹni tí yóò sọ ìdí rẹ̀ fún wa pẹ̀lú ẹ̀rí. Kìkì pé, kí o tó lọ, jókòó ní kóòtù májísíréètì fún oṣù kan gbáko. Mú ìwé kékeré dání. Kọ iye ẹjọ́ tí wọ́n pè, iye tí wọ́n sún síwájú, àti ìdí tí wọ́n fi sún un: ọlọ́pàá kò wá, kò sí epo nínú ọkọ̀ ẹ̀wọ̀n, adájọ́ lọ ìpàdé, ẹlẹ́rìí kò yọjú. Mi ò tíì rí ẹnikẹ́ni tó ṣe é tí àbá ìwádìí rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù.

Ọmọ Ìlá ní Amẹ́ríkà:

Ẹ kú ìjíròrò. Ọdún kẹta mi rèé lórí oyè ọ̀mọ̀wé. Ohun tí ọ̀pọ̀ ará ilé kò mọ̀ ni pé ní Amẹ́ríkà, oyè ọ̀mọ̀wé ló sábà máa ń ní owó nínú ju másítà lọ. Bí wọ́n bá gbà ọ́ pẹ̀lú iṣẹ́ amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́, wọn yóò yọ owó ilé-ẹ̀kọ́ kúrò, wọn yóò sì máa san owó ìtọ́jú fún ọ lóṣooṣù. Ìwọ náà yóò máa ran olùkọ́ lọ́wọ́ nínú ìwádìí tàbí kíláàsì, tí kò sì ní ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀. Àwọn ẹ̀ka kan ń gba ẹni tí kò tíì ní másítà. Ẹ̀kọ́ yìí ti ní gbòǹgbò níbí, nítorí ní 1968 ni wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ ètò ìdájọ́ ọ̀daràn sílẹ̀ ní fásitì Albany ní New York, kọ́lẹ́ẹ̀jì John Jay wà ní New York bákan náà, Rutgers wà ní Newark, Maryland àti Florida State náà sì gbajúmọ̀. Àárín Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kìíní ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń ti ilẹ̀kùn, torí náà Oṣù Kẹfà ló yẹ kí o ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ físà ń yí padà lemọ́lemọ́. Ojú òpó ẹ́ḿbásì ni kí o ti máa wò ó, má gbára lé ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa sọ níbí.

Ìṣirò ló yẹ kí n sọ fún ọ gan-an. Mo dé ibí láìmọ ju SPSS lọ, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà kan fún ìṣirò dátà, èyí tí mo kọ́ fún ìdánwò tí mo sì gbàgbé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni olùkọ́ fún wa ní dátà àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ lẹ́wọ̀n, ó ní kí a sọ ohun tó ń mú kí àwọn kan padà. Mo jókòó níwájú kọ̀ǹpútà títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọ̀fẹ́ ni R, ètò ìṣirò mìíràn, o lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà rẹ lónìí. Mú orúkọ àwọn tí o ti ń kọ sílẹ̀ láti ọdún méjì ààbọ̀ yẹn, bí ọ̀gá rẹ bá gbà, yọ orúkọ kúrò, kí o fi nọ́ńbà rọ́pò rẹ̀. Jẹ́ kí ọjọ́ tí wọ́n mú ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ̀sùn rẹ̀, iye ìgbà tó dé kóòtù àti bóyá ó ní agbẹjọ́rò wà níwájú nọ́ńbà rẹ̀. Lára ìyẹn ni kí o ti kọ́ R. Ó sàn ju kí o fi dátà àwọn ará ibòmíràn kọ́ ọ lọ.

Olùwádìí Abẹ́òkúta:

Mo fẹ́ sọ ohun kan tí ilé-ẹ̀kọ́ kò kọ́ mi, tí mo sì rò pé àwa tí a ń sọ Yorùbá nìkan la lè ṣe àtúnṣe rẹ̀. Mo bá wọn ṣe ìwádìí kan láti ilé dé ilé, èyí tí wọ́n fi ń béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti hùwà ọ̀daràn sí ènìyàn láàárín ọdún kan. Irú ìwádìí yìí ṣe pàtàkì nítorí ọ̀pọ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn kò dé etí ọlọ́pàá. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìbéèrè náà, àwa la sì ń túmọ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo bi ìyá kan pé, “Ǹjẹ́ wọ́n ti jà yín lólè rí?” Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo fàmì sí ibi tí wọ́n kọ ìdigunjalè sí. Kí n tó dìde ni ó ń ròyìn rẹ̀ pé ẹ̀wà ni, pé ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń bù ú tà. Nínú èdè wa, olè ni ẹni tó já wọlé lóru, olè ni ẹni tó fa báàgì gbà lórí ọ̀kadà, olè náà ni ẹni tó bu ẹ̀wà. Bí a kò bá pín in ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pé ṣé wọ́n fi ohun ìjà dẹ́rù bà yín, ṣé ẹ wà nílé nígbà náà, irọ́ ni nọ́ńbà tí a óò kó jọ, ìjọba yóò sì fi ṣètò. Ọ̀rọ̀ ìfipábánilòpọ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí àwọn kan kò ní pè é bẹ́ẹ̀ láé bó bá jẹ́ ọkọ tàbí mọ̀lẹ́bí ló ṣe é. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni kí o béèrè, má béèrè orúkọ rẹ̀. Àbúrò, kọ ìbéèrè rẹ ní Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o dán an wò lára ènìyàn mẹ́wàá, kí o sì kọ èsì wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ lẹ́nu gẹ́lẹ́.

Bàbá tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọgbà:

Ọmọ mi, ọgbọ̀n ọdún ó lé ni mo fi ṣe iṣẹ́ wọ́dà, mo sì ti rí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó wọlé tó jáde. Lẹ́tà ni kọ́kọ́rọ́. Kí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ kọ̀wé sí olú iléeṣẹ́ ní Àbújá, kí ó sọ ọgbà tí o fẹ́ lọ, ọjọ́ tí o fẹ́ lọ, iye ènìyàn tí o fẹ́ rí àti ìbéèrè tí o fẹ́ bi wọ́n. Bí o bá mú lẹ́tà wá sí ẹnu géètì láìjẹ́ pé Àbújá mọ̀, ọ̀gá kò lè ràn ọ́ lọ́wọ́ bó ti wù kí ó fẹ́ràn rẹ tó. Ó lè gba oṣù mẹ́ta, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí o bá wọlé, wo pátákó tí a ń fi ẹfun kọ iye àwọn tó wà nínú ọgbà sí lójoojúmọ́: àwọn tó ti gba ìdájọ́, àwọn tó ń dúró de ìdájọ́, àwọn tí wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún. Ìlà ti àwọn tó ń dúró ni à ń pa rẹ́ tí à ń tún kọ jù. Ní àárọ̀ ọjọ́ kóòtù, a ó yọ iye àwọn tó lọ kúrò. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, a ó dá ọ̀pọ̀ wọn padà síbẹ̀. Bí o bá gba àṣẹ láti da nọ́ńbà pátákó yẹn kọ fún oṣù mẹ́fà, ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Má ṣèlérí fún ẹlẹ́wọ̀n kankan. Ẹni tó ti pẹ́ níbẹ̀ yóò rò pé ìwọ lo máa mú òun jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ kan sọ fún ọmọkùnrin kan nígbà ayé iṣẹ́ mi pé òun yóò “bá a wo ọ̀rọ̀ náà.” Odidi ọdún kan ni ọmọ náà fi ń béèrè lọ́wọ́ mi ní àràárọ̀ bóyá ọ̀gá yẹn ti dé. Sọ ohun tí o wá ṣe, sọ ohun tí o kò lè ṣe, kí o tó béèrè orúkọ rẹ̀ pàápàá.

Akẹ́kọ̀ọ́ NOUN:

Mo kàn fẹ́ sọ ti àwọn tí kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀. National Open University of Nigeria tí a ń pè ní NOUN ní ẹ̀ka fún ìmọ̀ ìwà ọ̀daràn àti ààbò, wọ́n sì ní ibùdó ìkẹ́kọ̀ọ́ nínú àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n kan, tí ẹlẹ́wọ̀n fi ń kàwé gboyè. Ẹni tó ní HND tàbí tí ìpele rẹ̀ kò tó sì lè kọ́kọ́ ṣe PGD, ìyẹn díplómà tí à ń ṣe lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́, kí ó fi wọ másítà. Kí ẹ sì tètè lọ béèrè tíránsíkíríìpù yín: èmi san owó tèmi ní Oṣù Kẹta, Oṣù Kọkànlá ló tó dé ibi tí mo ń fi ránṣẹ́ sí, àǹfààní ọdún náà sì bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ọmọ Òṣogbo:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín púpọ̀. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yín fún bàbá mi, ó sì ní kí n kí Bàbá tó fẹ̀yìn tì. Mo ti sanwó tíránsíkíríìpù lánàá. Ọ̀gá mi gbà kí n lo dátà wa bí mo bá yọ orúkọ kúrò, torí náà mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà: àwọn 63 àkọ́kọ́ ti wọlé. N ó gba fọ́ọ̀mù másítà nílé lọ́dún yìí, n ó sì tún gbìyànjú Chevening lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo ti jókòó ní kóòtù májísíréètì fún ọjọ́ mẹ́rin. Nínú ẹjọ́ 41 tí wọ́n pè, 29 ni wọ́n sún síwájú, ìdí tí mo sì gbọ́ jù ni pé ẹni tó ń ṣe ìwádìí náà fún ọlọ́pàá kò yọjú. Ẹ̀gbọ́n Ìbàdàn, mo ti tún ìbéèrè mi kọ, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi wò ó: “Bí wọ́n bá gbé ọlọ́pàá tó mú afurasí lọ sí ibòmíràn kí ẹjọ́ tó parí, báwo ni ìyẹn ṣe ń fi kún iye ọjọ́ tí afurasí náà ń lò nínú àhámọ́?”